Ẹni Tí Ń Ka Ọjọ́

Ká fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́, Adégòkè mọ géèmù. Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lórí ìyẹn ní gbogbo Jos. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbá a lórí fóònù, ó sì ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní ọjà Terminus, ó sì ń ṣe fídíò tó fi ń sọ ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú géèmù tuntun. Bó bá ní géèmù kan ò dáa, àwọn èèyàn á ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tí Adégòkè kò mọ̀ ni pé nǹkan kan wà tí òun ò mọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Jos ló ṣètò ìdíje fún àwọn géèmù tí wọ́n fi èdè abínibí ṣe, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò yẹ ti Yorùbá wò. Wọ́n fún Adégòkè ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kẹrin níbẹ̀ ni pé báwo ló ṣe gbọ́ Yorùbá tó. Ó rántí pé Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ bàbá òun, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá òun ti gbéra wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbọ́ ọ wọnú eegun. Lójú tirẹ̀, irọ́ kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi ń nájà, Hausa ló fi ń bá ọ̀rẹ́ jà, Hausa náà ló fi ń lálàá. Yorùbá tirẹ̀ ò ju ti inú ilé lọ, ti "wá jẹun" àti "pa iná yẹn." Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti fọ́ọ̀mù, tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò gbọ́ èdè bàbá òun?

Géèmù kan ṣoṣo ni ti Yorùbá nínú ìdíje náà. Ọmọ Kùsà lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé, tó ń gbé ní àdúgbò Dadin Kowa, ló sì ṣe é. Dúrótoyè ni akọni inú rẹ̀. Ó fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ wa kùsà ní Jos, ilẹ̀ wó dí ẹnu ihò mọ́ ọn, ó sì fi ọdún méje bá àwọn òkúta abẹ̀mí jà nísàlẹ̀ kó tó ráyè jáde. Ìwọ tó o di fóònù mú ni Dúrótoyè. Ìwọ lò ń ju àáké, ìwọ lò ń ṣa irin jọ láti fi rọ ohun ìjà, bó o bá sì ṣe ń borí sí i ni agbára rẹ á máa pọ̀ sí i.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Adégòkè fi gbá a, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ pé ìjà inú rẹ̀ dùn, pé bí àáké bá ba òkúta, fóònù á gbọ̀n lọ́wọ́ èèyàn débi tí apá á fẹ́ máa dun ni. Ó yìn ín pé kò bèèrè dátà, pé fóònù olówó pọ́ọ́kú gbé e láìjanpata, pé àwọn àpáta inú rẹ̀ jọ ti ọ̀nà Vom gẹ́lẹ́. Ó wá kan àléébù. Bọ́tìnnì tí a fi ń yẹ ọ̀kò sún mọ́ èyí tí a fi ń jà jù, ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá tóbi á tẹ méjèèjì pọ̀. Láti ìpele kẹrin lọ, àwọn òkúta àná náà ló ń padà wá, ẹ̀mí wọn kàn le sí i ni, wọn ò kọ́ ọgbọ́n tuntun kankan. Ó sì ń jẹ bátìrì bí eṣú ṣe ń jẹ oko. Gbogbo èyí rí bẹ́ẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ìgbà tó kan èdè lẹsẹ̀ yọ̀. Ní ìparí géèmù náà, Dúrótoyè dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ewú ti yọ lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó jáde, ó wò ó títí, ó ní, "Dúrótoyè ọmọ mi, kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Adégòkè dá géèmù dúró. Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Lẹ́yìn ọdún méje? Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta náà ni. Ó mí kanlẹ̀, àánú ìyá inú géèmù sì ṣe é díẹ̀, torí ohun tó ń ṣe ìyá tirẹ̀ náà nìyẹn.

Ọdún kẹrin rèé tí Màámi ti fi ọjà aṣọ sílẹ̀ ní Jos, tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa gbé ilé bàbá rẹ̀. Adégòkè kì í pè é lemọ́lemọ́, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun rójú. Ìgbàkígbà tó bá wá pè é, ohun tí Màámi á kọ́kọ́ sọ ni, "Adégòkè, kú ọjọ́ mẹ́ta o." Òun náà á wo ojú fóònù níbi tí ọjọ́ tó pè é kẹ́yìn wà, á ṣírò rẹ̀ kíá, á sì tún ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́ pé rárá, Màámi, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Màámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹ̀rù ba Adégòkè. Ó pe Fẹ́yìsayọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Zawan, ó ní ọpọlọ Màámi ti ń gbó, Màámi ò mọ ọjọ́ kà mọ́. Kò dúró gba èsì. Ó ra oògùn tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àgbàlagbà rántí nǹkan, ó sì fi rán awakọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyá Dúrótoyè dá a lójú. Ó fún èdè inú géèmù náà ní máàkì mẹ́ta nínú ogún. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò mọ òǹkà, àfi tó bá jẹ́ pé àrùn ìgbàgbé ń ṣe ìyá akọni náà, bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìtàn ti sọ ọ́ ṣáájú. Ó ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ẹnu àparò ní í pa àparò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ka èsì, òjò oṣù kẹjọ ti mú kí òtútù wọ gbogbo ìlú lára, wọ́n ń gbé kúnú gbígbóná káàkiri inú gbọ̀ngàn. Èèyàn bí ogójì ló wà níbẹ̀. Richard, ọmọ Berom tó jẹ́ alága ìdíje, kéde pé géèmù mẹ́ta péré ló ń lọ sí Àbújá, àti pé orúkọ wọn gbọ́dọ̀ ti lọ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ Kùsà ló ṣe ìkẹrin. Máàkì márùn-ún ni ẹni kẹta fi jù ú. Richard wá ní kí àwọn tó yẹ géèmù wò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ, kí àwọn tó ṣe é lè fi kọ́gbọ́n.

Adégòkè ka tirẹ̀ ketekete ní Hausa. Ojúọlápé jókòó sí ìlà kejì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré, ó wé ara rẹ̀ mọ́ inú súwẹ́tà. Bí Adégòkè ṣe ń ka àléébù lòun ń mi orí, tó ń kọ wọ́n sínú ìwé rẹ̀: bọ́tìnnì, ìpele kẹrin, bátìrì. Nígbà tó kan ọjọ́ mẹ́ta, bírò rẹ̀ dúró. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ìyẹn ni pé gbogbo wọn tó kù, bú sẹ́rìn-ín, torí Adégòkè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kó panilẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń retí kó sọ pé àwàdà lòun ń ṣe. Nígbà tí kò sọ bẹ́ẹ̀, ó nawọ́.

Kí Richard tó dá a lóhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Muhyideen ni, ẹni tó yẹ àwọn géèmù Hausa wò, òjò ti pa á láti orí délẹ̀. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni òun àti Adégòkè, Kánò ló kó lọ ní èṣí, ọ̀nà ni kò sì jẹ́ kó tètè dé. Bó ṣe rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró, kò tiẹ̀ wo ti èrò mọ́, ó na apá méjèèjì sí i.

"Adégòkè, kwana biyu."

"Kwana biyu, wallahi," Adégòkè dáhùn, wọ́n sì dì mọ́ra.

Ọwọ́ Ojúọlápé ṣì wà lókè. Richard ní kó sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà dìde, Yorùbá ló kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo lẹ rí bùọ̀dá yìí kẹ́yìn?"

Adégòkè ní ó ti lé lọ́dún kan.

"Wọ́n ní ọjọ́ méjì ni," Ojúọlápé sọ. "Ẹ ò bá wọn jiyàn."

Ó wá tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Hausa kí ilé lè gbọ́. Ó ní bí Hausa ṣe ń sọ ti ọjọ́ méjì ni Yorùbá ń sọ ti ọjọ́ mẹ́ta, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìbáà jẹ́ ọdún méje, ìkíni ni, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ó fi kún un pé ìyá àgbà òun ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú géèmù, orí wọn sì pé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ló sì dun Adégòkè jù. Ìtìjú bò ó, etí rẹ̀ gbóná. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún un ní Hausa ni, ojú oorun ni ì bá ti túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá ni ò yé e, èdè tó ní òun gbọ́ wọnú eegun. Nígbà tí òun àti Màámi jọ ń gbé ní Jos, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn, kò sí ohun tí ìyá ì bá fi kí i bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà wá jìn, tó ń kí i, òun ń ṣírò fún un. Ó rántí oògùn tó fi ránṣẹ́, ó sì wù ú kí ilẹ̀ lanu.

Richard wo aago, ó ti kọjá méjì ààbọ̀. Ó ní máàkì kì í yí padà lẹ́nu lásán, àfi kí ẹni tó fún un kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú, wọn á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó pẹ̀lú èsì. Adégòkè gba bírò. Ó kọ ọ́ pé àlàyé inú géèmù ni kò tó. Richard bi í pé àlàyé wo. Ó ya ìwé náà, ó kọ ọ́ pé òun ṣi gbólóhùn kan gbọ́. Richard ní ẹni tó ṣi ọ̀kan gbọ́, báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ṣi ìyókù gbọ́. Adégòkè wo pátákó tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i, àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀. Ó ronú àtilọ sílé. Ojúọlápé ò bẹ̀ ẹ́, kò sì bú u. Ó ti jókòó padà, ó ń ya àwòrán bọ́tìnnì méjì sínú ìwé rẹ̀, ó ń sún ọ̀kan jìnnà sí èkejì.

Àwòrán yẹn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ó mú ìwé kẹta, ó kọ ọ́ pé, "Èmi Adégòkè Fọlọ́runṣọ́ kò gbọ́ Yorùbá tó bí mo ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Èmi kọ́ ló yẹ kó fún èdè inú géèmù yìí ní máàkì." Ó buwọ́ lù ú.

Richard pe olùkọ́ Yorùbá kan lórí fóònù, wọ́n sì jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó dé orí ohùn arúgbó náà, olùkọ́ ní kí wọ́n tún un fi sí i fóun, ó sì fún un ní máàkì mẹ́tàdínlógún. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni orúkọ Ọmọ Kùsà lọ sí Àbújá. Ojúọlápé wá bá Adégòkè nídìí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa bọ́tìnnì yẹn. Ì bá sàn fún Adégòkè ká ní ó bú u.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sáàárín àwọn fóònù tó ti fọ́, ó sì pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

"Adégòkè," Màámi ní, "kú ọjọ́ mẹ́ta o."

Adégòkè dá a lóhùn. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màámi."

Màámi ń retí ìyókù.

"Mélòó ni?" Màámi bi í. "O ò sọ iye tó jẹ́."

Adégòkè ní òun ti wá mọ̀ báyìí pé ìkíni ni, pé kò sẹ́ni tó ń kà á.

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kà á," Màámi sọ. "Ìwọ nìkan lò ń kà á. Mo máa ń sọ ọ́ fáwọn obìnrin ìjọ wa pé ọmọ mi tó wà ní Jos, gbogbo ọjọ́ tí kò bá fi gbóhùn mi ló ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá fọmọ tiwọn wé e. Àbí o ò kà á mọ́ ni?"

Adégòkè yọ fóònù kúrò létí. Ó wo ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀, ojú ara rẹ̀ sì tì í nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́nì kankan.

"Ọjọ́ méjìdínlógójì ni, Màámi," ó ní.

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ òun á ti kà á.