Ṣòkòtò Ìgbéyàwó Àkàbà

“Ṣòkòtò tí mo fi ṣe ìgbéyàwó nìyí! Ó ń bá mi mu rẹ́gí títí dòní!”

Akunlé kan tó ń fi ọ̀dà kun ilé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àkàbà, ló ń fọ́nnu báyìí níwájú nọ́ọ̀sì, ó sì gbá ìbàdí ara rẹ̀ pàá. Nọ́ọ̀sì yìí ló ń ya aláìsàn sọ́tọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ bá wú, dókítà máa rí i lónìí, ẹni tí ò bá wú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

“Aṣọ kankan ò há mọ́ yín?”

“Há kẹ̀? Ẹ bi ìyàwó mi!”

Ìyàwó gbójú sílẹ̀. Aránṣọ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń jí ṣòkòtò ọ̀hún tú, tó ń fi aṣọ kún ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń lọ̀ ọ́ kó má baà hàn. Ó rò pé ọbẹ̀ òun ló ń sọ ọkọ òun di oníkùn ńlá, kò sì fẹ́ dójú ti ọkùnrin tó ń fi ikùn pẹlẹbẹ yangàn káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Orí àga ló ń jókòó sùn, ó ní òun ń ṣọ́ ọ̀dà. Bó bá sì ń gun àtẹ̀gùn, á dúró lójijì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á na ọwọ́ sí ògiri: “Ta ló kun ìranù yìí?” Gbogbo ògiri ilé ìwòsàn yìí ló ti bú kí wọ́n tó dókè.

“Ó dáa,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Oṣù tó ń bọ̀.”

Aránṣọ fò dìde. Bó bá kú ńkọ́?

“Irọ́ ni! Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí!” Ó fa ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ síta. “Ẹ wò ó! Kọ́tìnì pálọ̀ wa ló wà nínú ẹ̀!”

Àkàbà la ẹnu sílẹ̀. “Kọ́tìnì tí mo ní àbúrò ẹ jí?”

“Ẹ dákun, Baba àwọn ọmọ mi.”

“Mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nílé mi!”

Nọ́ọ̀sì ti tẹ ojúgun Àkàbà. Ojú ibi tí ìka wọ̀ kò tètè kún padà. Ó dìde, ó pe dókítà.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀ tán, dókítà ò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, àyà tí ìyàwó yín sọ pé ó dùn yín lọ́dún tó kọjá...”

“Gáàsì ni.”

“Gáàsì kọ́. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ara ọkàn yín ti fún. Kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti fẹ̀. Kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú dáadáa mọ́. Omi ló wà nínú ikùn yìí.”

Àkàbà wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dì í mú.

“Dókítà,” ni aránṣọ wí, “èyí tó ti fẹ̀ yẹn, ṣé ẹ lè gbà á wọlé, bí a ṣe ń ṣe aṣọ tó fẹ̀ jù?”

“Díẹ̀, bóyá. Oògùn á kọ́kọ́ fa omi náà, ká tó wo bá a ṣe máa la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ibí ló máa sùn.”

“Èmi náà á gba ṣòkòtò yẹn wọlé.”

“Má fọwọ́ kàn án!” Àkàbà mí kanlẹ̀. “Lọ bẹ àbúrò ẹ ná. Sọ fún un pé ṣòkòtò ìgbéyàwó mi ṣì...”

Nọ́ọ̀sì ju ẹ̀wù aláìsàn sí i lẹ́sẹ̀.

“Ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wọ eléyìí. Kò bá ẹnikẹ́ni mu rí.”