Lébẹ́ẹ̀lì Aláwọ̀ Àlùkò

Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí àbùkù tí ẹlòmíràn ò rí, òun á rí i. Ìwé ìtàn aláwòrán àtijọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń kà títí tó fi máa ya, tí àwọn àgbàlagbà wá ń wá kiri báyìí bí ẹni wá ọmọ tó sọnù. Àwọn tó ni ìwé á fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ wọn, òun á yẹ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan wò, á fún un ní máàkì, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ike tó mọ́ gaara pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì lókè.

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ búlúù, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tún ìwé náà ṣe láti ọjọ́ tó ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó lè ti gbó, ó lè ti ya, ṣùgbọ́n bó ṣe wà náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ àlùkò, a jẹ́ pé ẹnìkan ti bá a tún nǹkan ṣe: ó kun ibi tó họ, ó lẹ ibi tó ya, tàbí ó fi pépà mìíràn dí ihò. Àlùkò kì í ṣe ẹ̀sùn. Àmọ́ bí àwọn oníbàárà bá ti rí i, ńṣe ni wọ́n ń sá bí ẹni rí ejò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó fa ìwé kan yọ nínú àpò. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára àpò náà. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ó dá ìwé náà mọ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń nu eruku lára férémù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníwèé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ìwé títúnṣe kó tó dé iléeṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tí Bàbá ò ní sọ fún pé, “Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo rà á. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀! Kò sẹ́ni tó tún un ṣe rí.”

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ ẹni tó nìwé kò gbọdọ̀ fún un ní máàkì. Ó yẹ kó gbé e sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti mọ́ ọwọ́ lára. Kó tó ronú, ó ti tan iná àyẹ̀wò. Lábẹ́ iná yẹn, ọ̀dà tí ènìyàn kùn kì í lè farapamọ́ sáàárín ọ̀dà ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ìwé náà, ìlà kan yọ, ó dúdú ju ohun tó yí i ká lọ. Lábẹ́ ìlà náà, ibi kan wà tó ti ya, tí kò gùn ju èékánná lọ, tí ẹnìkan ti fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pa.

Kì í ṣe Bàbá ló ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá ń lò. Ẹni tó kun èyí fa búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì, ẹnì kan ṣoṣo ló sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: ìyàwó Bàbá, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá, tó ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Ìyá máa ń wà, tó ń se àtè tí wọ́n fi ń lẹ̀wé. Bàbá ò jẹ́ kó jókòó sídìí tábìlì. “Ọwọ́ tìrẹ ti wúwo jù fún pépà,” ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn nígbà gbogbo.

Ojú Àṣá gbé ìwé náà fún akẹgbẹ́ rẹ̀, aláwàdà kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. “Mo mọ ẹni tó ni ín. Bá mi wò ó.” Kò sọ ohun tó rí.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi pè é. “Búlúù ni, àǹtí. Ìwé yìí mọ́ ju ẹ̀rí ọkàn mi lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tutù síwájú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ojú ò ní ti Bàbá. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ìwé náà, irọ́ ló rà. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé iṣẹ́ obìnrin yẹn á dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

“Tún un wò,” ó ní. “Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Yí i díẹ̀, kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ tàn án.”

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó súfèé. “Háà! Ta ló ṣe èyí? Ẹni yìí mà mọṣẹ́ o!”

Bó ṣe di àlùkò nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá pè é lórí fóònù, ó ń pariwo. “Ìwọ tí mo kọ́! Ibi iṣẹ́ rẹ ni wọ́n ti lẹ irọ́ mọ́ ìwé mi lórí! Ẹni tó fẹ́ rà á ti lóun ò rà mọ́.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mò ń bọ̀.”

Ó gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì mú àwọn fọ́tò ńlá tí wọ́n yà lábẹ́ iná dání lọ sílé Bàbá. Bàbá fẹnu lásán dá a lóhùn nígbà tó kí i. Ojú Àṣá tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì.

“Ẹ wo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá, àti ibi tó parí sí.”

Bàbá sún fọ́tò mọ́jú, ó tún sún un sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà náà láti ọ̀tún sí òsì. Ó tún tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọdún tí mo rìnrìn-àjò lọ bá kóòtù di àwọn ìwé wọn pọ̀,” ó ní. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sí nílé. Nígbà tí mo dé, gíláàsì tuntun ló wà lára férémù. Ìyá ní òun ló fọ́ ti tẹ́lẹ̀ níbi tóun ti ń nù ún. Mo bá a jà lórí gíláàsì, ọmọ mi. Odidi ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Kò sọ fún mi pé ìwé ya.”

“Bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n ni.”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Ìyá?” Bàbá mirí. “Ó kàn ń gbọ́ ni, bí mo ṣe ń yin ẹ̀yìn ìwé yẹn fún gbogbo ayé. Ogún ọdún! Ó ń gbọ́ mi, kò wí nǹkan kan.”

Bàbá wá fa ìwé náà mọ́ra nínú ike rẹ̀. “Kí ni wọ́n kọ síbí? Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú mi.”

“‘A fi ọ̀dà díẹ̀ kun ẹ̀yìn ìwé, a lẹ ibi kan tó ya. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni.’”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìwọ ni?”

“Rárá o, Bàbá. Akẹgbẹ́ mi ni. Kò mọ Ìyá rí.”

Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Omi bọ́ lójú arúgbó náà, kò sì nù ún.

“Ẹnu mi ló yẹ kí Ìyá ti gbọ́ ọ,” ó ní.

Ojú Àṣá fọ ife tí wọ́n fi mu omi, ó dágbére. Bàbá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Bàbá ò gbà kí ìwé náà kúrò nílé rẹ̀ mọ́.