Itọ́ Alága

Obìnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bí ọmọ iléèwé: iná lésà yóò wọ inú omi, àwọn èérún tí ojú lásán kò lè rí yóò máa tàn, kámẹ́rà yóò tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì sọ bí wọ́n ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Bó bá rí i tà fún iléeṣẹ́ ọ̀dà yìí, òun ni yóò di ọ̀gá ẹ̀ka tuntun níléeṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ṣèlérí.

Ó kán ọ̀dà tó ti fi omi là sínú ìgò pẹlẹbẹ. Èérún ń jó lójú kọ̀ǹpútà. Alága iléeṣẹ́ ọ̀dà náà, tí àwòrán ara rẹ̀ kún ògiri yàrá náà, yán.

"Ọ̀dà lásán nìyẹn. Ṣé ó lè wo itọ́ èèyàn?"

"Ó lè wò ó, sà, àmọ́..."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò délẹ̀. Alága ti fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ó tu ú sínú ife tíì. Ó ki, ó ń fà bí ẹyin tútù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi omi la itọ́ náà, ó gbé e síbi iná lésà. Èérún kún ojú kọ̀ǹpútà bí ìràwọ̀.

"Ẹ wo agbára," ni Alága wí.

Àbúrò rẹ̀, akápò iléeṣẹ́, fa ife mìíràn mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí tèmi náà jáde sáyé." Ó tutọ́, ẹ̀rún búrẹ́dì léfòó nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ní èérún tirẹ̀ fi ìlọ́po méjì pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ.

Alága ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ yìí kò mọ àgbà," Alága wí. "Gbé e, kó o máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n tún ti yín wọ̀n."

Bí omi bá kéré, èérún á pọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń dín omi kù, bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń kó ìgbẹ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, lóòótọ́, ṣùgbọ́n oyin wo nìyí?

Ti Alága gòkè téńté.

"Ṣé ẹ rí i? Àgbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé." Ó buwọ́ lu ìwé ríra ẹ̀rọ náà lórí ìdúró, ó pe ọ̀gá obìnrin náà lórí fóònù, ó sì kọjú sí obìnrin náà. "Ipò rẹ ti dé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ní ìwọ fúnra rẹ ni kí wọ́n máa rán wá. Ọwọ́ rẹ tù mí lára. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ tutọ́ fún."

Àbúrò ti lọ pe àwọn ẹbí tó kún ọ́fíìsì kejì. Wọ́n ń wọlé bọ̀, wọ́n ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka tuntun na ife sí ẹni àkọ́kọ́.