Iyọ̀ Nídìí Gbẹ̀rẹ́fútù Ignatia

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bí aago méje bá ti lù, ohùn Marcelline Polius ni èèyàn máa ń gbọ́ láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé ní Morne Cacao. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ́ àwọn ará Saint Lucia lórí rédíò bí a ṣe ń tọ́jú ohun ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé. Òun ló sọ fún wọn pé àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n máa bomi rin tòmátò, kí omi kan ilẹ̀, kó má kan ewé. Òun ló ní kí wọ́n máa kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbẹ jọ sí kọ̀rọ̀ kan títí yóò fi jẹrà di ajílẹ̀. Bí ewé ata ẹnìkan bá ń ká kò, Marcelline ni yóò pè. Òun náà sì mọ̀ pé òun gbajúmọ̀. Bí wọ́n bá kí i lójú ọ̀nà pé, "Màmá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o!", ọrùn rẹ̀ a máa gùn díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ gbogbo ojú odò, bàbá arúgbó kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kóòtù dúdú tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sísìnkú ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ka igi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo ewé rẹ̀ ti gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn.

"Ìwọ ni Marcelline inú rédíò?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Evariste lorúkọ mi, òkè Belle Terre ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo wá fi hàn ọ́."

Ó gbé ẹ̀ka náà lé orí tábìlì. Marcelline ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti béèrè irú igi tó jẹ́. Ewé fífẹ̀ tó là bí ìka ọwọ́ yẹn, gbẹ̀rẹ́fútù ni.

"Ta ló dáná sí i nídìí?"

"Iná kọ́, iyọ̀ ni. Ìwọ lo ní kí n bu iyọ̀ sí i."

"Èmi? Bàbá, ta ló ń bu iyọ̀ sí gbẹ̀rẹ́fútù?"

"Èmi ni. Nítorí pé o sọ bẹ́ẹ̀."

Marcelline ti lanu láti fèsì kó tó rántí. Nínú oṣù kejì, obìnrin kan láti etí òkun ti pè é pé àgbọn òun kò gbádùn. Òun sì dá a lóhùn pé kó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì sí igi náà nídìí, kó bomi tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ṣe fún àgbọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, "igi náà" ló ń wí. Kò dárúkọ àgbọn mọ́.

"Ìgbà wo lẹ tan rédíò yín lọ́jọ́ náà, bàbá?"

"Bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ìgbà tó jàjà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ ni mo gbọ́: bu iyọ̀ sí igi náà nídìí. Igi tèmi sì ń ré èso sílẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Iyọ̀ náà tó mélòó?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Àpò kan. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹja mọ́. Mo fẹ́ kó tètè sàn."

Marcelline wọ bàtà rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó sì tẹ̀ lé e.

Igi náà ga ju ilé lọ. Ignatia, ìyàwó Evariste, ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn. Ọdún kejì rèé tí Ignatia ti kú. Lọ́dún tí ìjì ká òrùlé gbogbo àdúgbò lọ, èso igi yìí ni wọ́n ń sun jẹ láàárọ̀, tí wọ́n ń sè jẹ lálẹ́, tí aládùúgbò náà sì ń rí mú lọ sílé. Ní báyìí, ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ yí ká, ewé rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ.

Marcelline kúnlẹ̀. Ó fi ọkọ́ wa erùpẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan án, ó fi kan ahọ́n. Ó tutọ́ nù. Ó wá fi ọ̀bẹ ha èèpo igi náà lápá mẹ́ta. Nínú rẹ̀ gbẹ, ó sì dúdú. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi láti inú àgbá, korobá lé korobá, bóyá iyọ̀ náà lè wẹ̀ lọ. Nígbà tí àgbá gbẹ, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Evariste gbójú sókè wo igi náà. "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Tó ń ré èso sílẹ̀?"

Ìbéèrè tí Marcelline ń gbàdúrà kó má béèrè gan-an nìyẹn. Ó lè sọ pé àìsàn kan ni. Ó lè sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ta ni yóò já a nírọ́?

"Òùngbẹ ni, bàbá. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, gbẹ̀rẹ́fútù a máa ju èso kéékèèké sílẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ má baà kú. Bẹ́ ẹ bá ti kó ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, tí ẹ sì ń da korobá omi mẹ́rin sí i láràárọ̀, ì bá dúró títí òjò yóò fi dé."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

"Kò sí, bàbá."

Ọkùnrin náà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sórí itan, ó sì sunkún láìpariwo. Marcelline ò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Nígbà tó rò ó fún Cuthbert, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀rín ló fi rín in. "Màmá, ẹ wo ẹjọ́ o! Ẹni tó pẹ́ dé ìdí oúnjẹ, tó wá ń jà pé òun ò bá ẹran. Kí ló kàn yín?"

"Mi ò dárúkọ igi náà lẹ́ẹ̀kejì, Cuthbert."

"Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ síta, ta ló tún máa gbà yín gbọ́?"

"Kí wọ́n má gbà mí gbọ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́, ó sì ti fọ́ sí àgbàlá ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ ọ́. Kò dárúkọ Evariste. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ lábọ̀ ti pa igi ẹnìkan, pé àgbọn nìkan ló gba iyọ̀, àgbọn nìkan, kì í ṣe ọsàn, kì í ṣe máńgòrò, kì í ṣe gbẹ̀rẹ́fútù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pè é ní Màmá Ọlọ́gbà mọ́. Nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin kan pariwo sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ẹ yà fún Màmá Oníyọ̀ o, kí wọ́n má lọ fi wá se ọbẹ̀!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Marcelline bu omi tirẹ̀, ó rù ú, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà sí Belle Terre. Evariste wà lórí àtẹ̀gùn, kò dìde.

"Kí lo tún ń wá? Ó ti kú."

"Ara òkè rẹ̀ ló kú. Gbòǹgbò gbẹ̀rẹ́fútù máa ń rìn jìnnà. Ibo lẹ ò da iyọ̀ dé?"

Ó ronú díẹ̀. "Apá gegele. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, mi ò lè dé ibẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n rìn tó ẹsẹ̀ méjìlá kúrò nídìí igi kí wọ́n tó kan gbòǹgbò tó nípọn bí àtàǹpàkò. Nígbà tí Marcelline fọwọ́ ha á, oje funfun yọ. Evariste bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo oje náà pẹ́.

Wọ́n gé e sí ọ̀nà méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn bí àtẹ́lẹwọ́, bóyá igi tuntun lè hù lára wọn. Marcelline po yanrìn odò mọ́ ilẹ̀ dúdú nínú àpótí kan, ó tẹ́ wọn sí i ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí imú wọn yọ díẹ̀. Ó gbé àpótí náà sábẹ́ òrùlé ilé ìdáná níbi tí oòrùn kò ti lè ta á.

"Omi díẹ̀ láràárọ̀, bàbá. Kí ilẹ̀ náà rí bí aṣọ tí a fún tán. Bó bá pọ̀, wọ́n á rà."

"Ó dá ọ lójú lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ó dá mi lójú nípa omi. Nípa èyí tó máa yè, kò dá mi lójú."

Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mẹ́rin kọ́kọ́ rà. Mẹ́fà gbẹ. Lọ́sẹ̀ kẹwàá, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, èéhù aláwọ̀ ewé yọ lára ọ̀kan, kékeré bí eyín ọmọ ọwọ́. Ọ̀kan yòókù kò yọ nǹkan, kò sì rà.

Inú oṣù kọkànlá ni wọ́n gbìn ín. Evariste ti fúnra rẹ̀ ké igi ńlá náà lulẹ̀, ṣùgbọ́n Marcelline kò jẹ́ kó gbin ọmọ rẹ̀ sójú ibẹ̀, nítorí iyọ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n mú. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀, tó da ajílẹ̀ sí i, tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọdún mélòó kó tó so?"

"Mẹ́rin. Ó lè tó márùn-ún."

"Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí."

Marcelline kò sọ pé Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ó gbé korobá omi fún un.

Evariste da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún. "Ignatia ì bá ti fi igi lé àwa méjèèjì kúrò lágbàlá yìí," ló wí.

"Ì bá jàre."

Ó fi korobá sílẹ̀, ó wọ inú ilé ìdáná lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ké sí i látinú ilé pé tíì ti gbóná, pé kó wá mu tirẹ̀ kó tó tutù. Marcelline nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì wọlé.