Àwọn Oníjó Tó Ń Ṣubú

Ìlù tó wà nínú géèmù Zornitsa, Stamen bàbá rẹ̀ ló lù ú. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú Stamen lọ́wọ́ ọ̀tún, ta ló ń ṣègbéyàwó ní àdúgbò wọn ní ìlú Plovdiv tí kì í ránṣẹ́ pè é? Ijó kopanitsa ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: ìlù kúkúrú méjì, gígùn kan, kúkúrú méjì.

Zornitsa ti gba ìlù náà sílẹ̀ tipẹ́. Òun àti Yavor ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di géèmù fún ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ mú. Bí ìlù bá ṣe ń dún ni èèyàn á máa tẹ bọ́tìnnì. Bó bá tàsé, àwọn oníjó inú ẹ̀rọ á ṣubú.

"Ọjọ́ tí mo bá bá ìlù ara mi dọ́gba nínú nǹkan yìí," ni Stamen máa ń wí, "ọjọ́ náà ni màá mọ̀ pé ọwọ́ mi ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé ìtajà géèmù lókè òkun dá iṣẹ́ náà padà. Wọ́n ní ìlù rẹ̀ ń tiro.

"Tiro kẹ̀? Àwọn gan-an ni ò lẹ́sẹ̀ ijó!" Yavor bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kò sí ilé ìtajà mìíràn fún ẹ̀rọ náà. Ó gé ìlù gígùn kúrú, gbogbo rẹ̀ wá dọ́gba bí ìrìn sójà. Zornitsa kàn ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Zornitsa ń yọ banitsa, àkàrà oníwàràkàṣì, nínú ààrò nígbà tó gbọ́ ariwo oníjó tó ń ṣubú. Bàbá rẹ̀ ti mú ẹ̀rọ náà lórí tábìlì.

"Zorni, gbogbo wọn ló ṣubú."

"Bàbá, ẹ̀bi yín kọ́! Yavor ló yí i padà."

"Mo ń gbọ́ ọ bí ìrìn sójà lóòótọ́. Dókítà ti sọ pé àrùn yìí lè dé etí."

"Etí yín ò ṣe nǹkan kan! Ẹ dúró ná."

Ó sáré gbé ìlù àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ. Stamen fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Kúkúrú méjì, gígùn kan, kúkúrú méjì. Oníjó kan ò ṣubú. Inú Zornitsa ti fẹ́ dùn, àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. O gé e wẹ́wẹ́ fún mi, bí ẹní ń gé ẹran fún aláìsàn."

"Bàbá, èyí gan-an lẹ lù!"

"Irọ́ ìyá ẹ náà nìyẹn. Bí mo bá ṣì í lù, á ní ọtí rakia ló ń ti àwọn oníjó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tó bá ti bá etí mi mu báyìí, á jẹ́ pé kò tọ́."

Fóònù Zornitsa dún. Yavor ni: ilé ìtajà ti gba géèmù náà pẹ̀lú ìlù tó gé kúrú.

Stamen fi ọwọ́ òsì mú banitsa rẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.