Ta Ló Ń Bu Ọbẹ̀ Fusae?

Fusae já ẹran adìẹ kan kúrò lórí igi tí wọ́n fi yan án, ó rọra ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ebi kọ́ ló gbé e wá síbẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ ló wá wá.

Ilé ọtí tuntun kan ni ibẹ̀, ó kún fọ́fọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èéfín adìẹ sì bo gbogbo rẹ̀. Mitsuko, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta wàrà sóyà, jókòó tì í nídìí káńtà, ó ń mu bíà, ó ń fi kábéèjì oní-fínígà panu. Kò tíì yé e bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù adìẹ yíyan tiẹ̀ ṣe máa wá jẹun nílé ẹlòmíì.

Bẹ́ẹ̀, Fusae ti rojọ́ títí lójú ọ̀nà. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ se ọbẹ̀ tí wọ́n ń ri adìẹ bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọn kì í da irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù ní ìlú Kurume níbí. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń bu tuntun kún un. Lọ́dún tí odò Chikugo ya wọlé, ìkòkò yẹn ni ọkọ rẹ̀ gbé sá jáde, ó fi fọ́tò ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ fún omi. Ọkọ ti lọ, ìkòkò ló kù. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tó bá fi í sílẹ̀ ní kíkún, á bá a tó ti fà wálẹ̀. Daigo tó ń bá a dáná nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì, ọmọ kíláàsì Daigo ló sì ni ilé ọtí tuntun yìí. Kí ló tún kù?

"Kì í ṣe tèmi," Fusae sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Eléyìí ò tiẹ̀ níyọ̀." Ó fa ìgò iyọ̀ mọ́ra, ó wọ́n ọn sórí ẹran inú àwo.

Mitsuko mú igi kan níbẹ̀ láìwò ó. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sáré gbé bíà.

"Fusae, ta lo fẹ́ pa?"

"Kò tíì dùn tó lẹ́nu tèmi."

Mitsuko fi aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná nu ẹnu. "Wò ó, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Bí adìẹ ṣọ́ọ̀bù tìẹ náà ṣe rí nìyí nígbà ìrúwé, tí òdòdó igi ṣẹ́rì ń tanná. Ọtí la fi ń sìn ín wọlé. Ìgbà tó yá, ó tún dùn. Mo ṣe bí ìwọ lo tún un ṣe ni."

Fusae ò tún nǹkan kan ṣe. Ó dìde, ó fi ẹran sílẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, síbẹ̀ iná ń tàn nínú kíṣìnnì. Daigo ló bá nídìí ìkòkò, ó ń bu ọbẹ̀ sínú ike. Óò, òótọ́ mà ni! Inú bí i gan-an.

"Ta lò ń gbé e fún?"

Daigo tẹrí ba gan-an. Ó ní òun ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, òun ń bu díẹ̀ kúrò, òun sì ń se èyí tí kò níyọ̀ kún un, àmọ́ kì í tó èyí tí òun bù. Fusae bi í pé kí ló dé tí kò dà á nù nígbà náà.

"Ọbẹ̀ bàbá ni, Màmá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dà á sí gọ́tà? Ó ti kún inú fíríìjì mi."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Daigo wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò."

Ojú ti Fusae, ó sì dùn ún wọ eegun. Ó fura sí gbogbo ayé, kò fura sí ahọ́n ara rẹ̀. Ó mú ṣíbí ìtọ́wò lórí ìṣó tó ń gbé, ó fi lé Daigo lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yí káńtà po, ó jókòó síbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ibi tí kò jókòó sí rí. Ó ní kó dáná èédú, kó yan ẹyọ kan bó ṣe máa ń yan án fún wọn.

Ẹran dé. Ó tẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ìwé. Daigo dúró, ó ń wo ojú rẹ̀.

Ìgò iyọ̀ ò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jẹ ẹran náà tán.