Ìyá Ẹyin Nínú Ilé Tuntun

"Ìyá ẹyin yìí dà?"

Àǹtí Adétóun, ẹ̀gbọ́n màmá mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà lọ́wọ́ wọn. Jọlá, ọmọ wọn, ń wo ilẹ̀. Ìdérí àpótí díńgí tí mo fi ń sin salamáńdà ti ṣí sílẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èèpo igi, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹranko náà jọ alángbá, àmọ́ ara rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun tótòtó, ó tutù, ó sì ń yọ̀ bíi ti àkèré. Inú igbó, lábẹ́ igi jíjẹrà, ló ń gbé. Kì í yé ẹyin sínú odò. Orí ilẹ̀ tútù ló ń yé e sí, á sì ká ara mọ́ ọn títí ọmọ yóò fi jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹyin á bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ló fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ibi iṣẹ́ wa kọṣẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí i?"

"Ilé tuntun la kó wọ̀ nílùú Forney yìí, Ọpẹ́yẹmí. Gbogbo igun rẹ̀ ni mo fi òróró kàn. Mo ta díẹ̀ sínú àpótí yẹn náà. Àbí kí n fo igun tí ejò ń gbé ni?"

"Kì í ṣe ejò, Àǹtí. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin."

"Ìyẹn gan-an ló tún burú jù," Jọlá sọ.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. "Kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń mí. Bí òróró bá bò ó, ó tán."

Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí. Àwọn tí èémí ń dà láàmú ni wọ́n ń tọ́jú. 

"Kò ní ẹ̀dọ̀fóró," wọ́n tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo rò ó pé ohun tí awọ rẹ̀ ń gbẹ á wá omi lọ. Mo wo balùwẹ̀, kò sí. Jọlá dojú bolẹ̀, ó tan iná fóònù sábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sí. Nígbà tí a dé kíṣìnì, Àǹtí ti fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ síńkì, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀.

Òkúta dúdú tó ní àmì funfun tótòtó ni wọ́n fọwọ́ tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò wọn, níbi tí omi ẹ̀rọ ń kán sí, díẹ̀ lára dúdú náà ní ojú. Ọ̀fun rẹ̀ ń lù kìkìkì.